Téèpù Àtijọ́ Inú Kọ́bọ́ọ̀dù: Bí A Ṣe Lè Gba Àkọsílẹ̀ Wa Padà



Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan wò. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ti ń dá owó láti 2002. Ó fẹ́ gba owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìfowópamọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti jóná. Akọ̀wé wo inú kọ̀ǹpútà, 2009 ni àkọsílẹ̀ ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Owó ọdún méje kò sí níbẹ̀. Nígbà náà ni ẹnì kan rántí pé téèpù kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ sí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Ṣé owó náà ti gbé nìyẹn? Kò tíì gbé. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìwàǹwára mú téèpù náà, a lè fi ọwọ́ ara wa ba ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù jẹ́.

Ohun tí téèpù jẹ́

Téèpù kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí kásẹ́ẹ̀tì tí a fi ń gbọ́ Àpàlà àti wáàsí. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin kẹrin yóò kọ́kọ́ yí mẹ́ta kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ orí téèpù ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà: àmì kan wà láàárín iṣẹ́ Jímọ́ọ̀ kan àti èkejì, òun ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tó yẹ kí ó dúró.

Kí ẹnikẹ́ni má fi ojú tín-ín-rín wo téèpù. Ní oṣù kejì 2011, àṣìṣe inú ètò kọ̀ǹpútà pa lẹ́tà àwọn kan tí ń lo Gmail rẹ́, nǹkan bí ènìyàn 2 nínú 10,000. Ilé iṣẹ́ Google ní ju ẹ̀dà kan lọ, ṣùgbọ́n àṣìṣe náà ran àwọn ẹ̀dà inú kọ̀ǹpútà. Kò ran téèpù, nítorí téèpù kò so mọ́ kọ̀ǹpútà. Láti orí téèpù ni wọ́n ti dá lẹ́tà padà fún àwọn tó ni ín.

Ìgbésẹ̀ tó yẹ

1. Ẹ dáàbò bo téèpù. Ẹ rántí bí a ti máa ń ṣẹ́ eyín kékeré ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì kí ọmọdé má baà gba nǹkan mìíràn lé orin wa lórí. Téèpù kọ̀ǹpútà náà ní irú rẹ̀, bọ́tìnì kékeré tí a ń tì sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ tì í kí téèpù tó wọ inú ẹ̀rọ.

2. Ẹ wá ẹ̀rọ tó bá a mu. Téèpù LTO ìran kìíní jáde ní 2000. Ẹ̀rọ ìran 1, 2 àti 3 nìkan ló lè kà á. Irú ìṣòro yìí kan àwọn tó ní àwòrán òṣùpá tí ọkọ̀ Lunar Orbiter yà ní 1966 àti 1967. Téèpù wà, ẹ̀rọ ti di àwátì. Ọpẹ́lọpẹ́ Nancy Evans, tó ti ṣiṣẹ́ fún NASA, tó kó ẹ̀rọ náà pamọ́ sí ilé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni a fi rí wọn kà láti 2008.

3. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo téèpù kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, ẹ tẹ àṣẹ wọ̀nyí:

mt -f /dev/nst0 rewind
dd if=/dev/nst0 of=apa1.img bs=256k

Èkínní ń yí téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì ń da ohun tó wà lórí rẹ̀ kọ sínú díìsìkì bí ó ti rí gan-an, títí yóò fi kan ààlà. Ẹ tún èkejì tẹ̀, kí ẹ yí orúkọ sí apa2.img, apa3.img, títí kò fi ní rí nǹkan kà mọ́. Ẹ má gbàgbé lẹ́tà n inú nst0. Bí ẹ bá kọ st0, ẹ̀rọ yóò máa yí téèpù padà lẹ́yìn àṣẹ kọ̀ọ̀kan, apá kìíní nìkan ni ẹ ó sì máa kà. Iye tó tẹ̀lé bs dà bí igbá tí a fi ń bu omi: bí ẹ̀rọ bá kọ̀ pé ó kéré, ẹ mú èyí tó tóbi jù ú lọ.

4. Ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀dà náà:

file apa1.img
tar -tvf apa1.img
mkdir atijo
tar -xvf apa1.img -C atijo

Àṣẹ file ń sọ irú ohun tó jẹ́. Àṣẹ tar -tvf ń ka orúkọ fáìlì lásán. Àṣẹ tar -xvf ló ń tú wọn jáde. Ẹ tú wọn sí àyè ọ̀tọ̀, kí ti àtijọ́ má baà bo ti òní mọ́lẹ̀. Láti 1979 ni tar ti wà, títí di òní ó ṣì ń ṣí ohun tó ti dì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ètò mìíràn ni wọ́n fi di téèpù náà, ètò yẹn ni ẹ ó wá. Bí ẹ bá rí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .dbf, LibreOffice lè ṣí i.

5. Bí téèpù bá ti bu, tí ó ń lẹ̀ mọ́ra, tàbí tí ẹ̀rọ ń han, ẹ dúró. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má fi omi nù ún. Ẹ gbé e fún àwọn tó mọ iṣẹ́ náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́

Ẹ̀dà tí a kò kà wò rí, a kò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀dà ni. Kí akọ̀wé kọ ọjọ́, irú téèpù àti ètò tí a lò sí ara téèpù kọ̀ọ̀kan. Kí ó kà á wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún níṣojú akápò, kí a sì da àkọsílẹ̀ kọ sórí ohun tuntun kí ẹ̀rọ àtijọ́ tó parẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, owó yín ni. Ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, ẹ dìde kí ẹ béèrè: ìgbà wo ni a ka ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wa wò kẹ́yìn?