Kí Ọmọ Tó Jókòó Sórí Àga Katapílà

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Pọ́bẹ̀ lọ sí Kétu, tàbí tó bá rìn ní Àjàṣẹ́ ní àkókò tí wọ́n ń tún títì ṣe, yóò ti rí wọn: àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí ń gbẹ́ ilẹ̀, tí ń kó yẹ̀pẹ̀, tí ń tẹ́ ojú ọ̀nà. Katapílà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pe gbogbo wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ni, tí iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ sí ti èkejì. Àwọn ọmọdé a máa dúró wò wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ náà a máa dúró, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn tiwọn: báwo ni ẹni tó wà lókè yẹn ṣe dé orí àga yẹn?

Ìbéèrè yìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé wá bá mi ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Kétu ni wọ́n bí i sí. Ó ti pé ọmọ ọdún 19 nígbà náà. Ó ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì fún ìgbà díẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ tó kó lọ sí Nàìjíríà, láti ìgbà náà ni kò sì ti rí iṣẹ́ gidi kan ṣe. Ó ní, "Bàbá mi, katapílà ni mo fẹ́ máa wà. Ẹ bá mi wá ẹni tí yóò kọ́ mi."

Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní Kútọnu tó ṣèlérí pé òun yóò kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Àgbàlagbà kan sì wà tí ń wa ẹ̀rọ lójú ọ̀nà, tó ní òun yóò gbà á, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ kan ọ̀pá ìdarí fún odindi ọdún kan. Ta ni yóò wo méjèèjì tí kò ní yan ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kó máa lọ sí Kútọnu. Ìyá rẹ̀ ló béèrè ohun tí àwa kò béèrè. Ó ní, "Ẹ̀rọ mélòó ni ọkùnrin náà ní?" A lọ wò ó. Kò ní ẹyọ kan. Pátákó ìkọ̀wé ló ní, àti àwòrán ẹ̀rọ lára ògiri.

N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ṣe rí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ sí irú ilé bẹ́ẹ̀, kó ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ han òun, kí wọ́n sì sọ iye wákàtí tí ọmọ náà yóò fi jókòó sórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ń yí ọ̀rọ̀ po, kó gbé owó rẹ̀ padà sílé.

Ọ̀dọ̀ àgbàlagbà náà ni a mú un lọ. Òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù kìíní ọdún 1998, ní kí àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ wà ní kíkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í kọ ọ́, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é. Ti ọ̀gá yìí wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi kò sì gbọ́ Faransé. Àmọ́ ó ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ti mọ nọ́ńbà kà dáadáa. Ó gba ìwé náà, ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró níbì kan. Ọdún 3 ni a ti fẹnu sọ. Ọdún 4 ló wà nínú ìwé. Ọ̀gá wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní akọ̀wé ló ṣì í kọ. Bóyá òótọ́ ni. Wọ́n tún un kọ. Ẹ̀gbọ́n mi tún béèrè ẹni tí yóò san owó ilé ìwòsàn bí ọmọ bá fara pa. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àrífín. CNSS ni àjọ tí ń bójú tó òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ó sì yẹ kí òbí mọ̀ bóyá wọ́n ti forúkọ ọmọ òun sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo ní láti mẹ́nu kan ọjọ́ orí. Òfin wa kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ṣe iṣẹ́ eléwu, ìjọba sì ti ṣe àkójọ irú àwọn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2011. Ọmọ ọdún 15 tó bá fẹ́ràn ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó ṣì jókòó ti ìwé rẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n fún ọmọ wa ní ọjọ́ tó débi iṣẹ́ ni graisseur. Èdè Faransé ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹni tí ń fi gíríìsì sí ẹ̀rọ. Òun ló ń kọ́kọ́ dé láàárọ̀, kí oòrùn tó yọ. Ẹ̀rọ tí ń gbẹ́lẹ̀ ni ti ọ̀gá rẹ̀, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 20. Ó ní apá gígùn, gòdé sì wà lẹ́nu apá náà, ìyẹn ṣọ́bìrì ńlá tó ń bu yẹ̀pẹ̀. Níbi tí irin ti so mọ́ irin lára apá yìí, ihò kékeré wà níbẹ̀ tí a ń fún gíríìsì sí. Lójoojúmọ́ ni, tàbí lẹ́yìn wákàtí 10 iṣẹ́. Bí a kò bá fún un, irin yóò máa jẹ irin. Apá náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mì, gòdé kò sì ní gbọ́ràn sí ẹni tí ń darí rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni yóò yí ẹ̀rọ náà po. Yóò wo epo ẹ́ńjìnì nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù, tí ẹ̀rọ sì dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Yóò wo omi inú rádíétọ̀, nítorí ẹni tó bá ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tó gbóná, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi gba omi náà. Ní ìgbà ọyẹ́, yóò yọ asẹ́ afẹ́fẹ́ wò, nítorí eruku ilẹ̀ pupa wa kì í bẹ̀rù ẹ́ńjìnì. Yóò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá epo ti kán sílẹ̀.

Lórí epo yìí ni ọ̀gá rẹ̀ ti pariwo mọ́ ọn ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ọmọ náà rí i pé ọ̀kan nínú àwọn rọ́bà tí epo ń gbà lọ sí apá ẹ̀rọ ń jò, ó sì na ọwọ́ láti fi wá ihò náà nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí kò mọ̀ rò pé epo lásán ni. Epo tí ń gbé apá irin sókè lágbára púpọ̀. Bó bá gba ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ jáde, ó lè wọ inú ẹran ara ènìyàn láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ jáde. Onítọ̀hún yóò rò pé nǹkan kò ṣe òun, títí ọwọ́ yóò fi wú tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Páálí ni a fi ń wá irú ihò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọwọ́. Ẹni tó bá sì ṣẹlẹ̀ sí, kó má sùn lé e. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Nínú yàrá awakọ̀, aago kan wà tí kì í sọ àkókò. Iye wákàtí tí ẹ̀rọ ti fi ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é ló ń kà. Òun ni a ń wò kí a tó mọ ìgbà tí a ó pààrọ̀ epo: àwọn ẹ̀rọ kan ń fẹ́ ẹ ní wákàtí 250, àwọn mìíràn ní 500, ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ló ń sọ. Ọ̀gá náà fún ọmọ wa ní ìwé kékeré kan, ó ní kó máa kọ nọ́ńbà yẹn síbẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ fi í sí nìyẹn, kó tó di pé ó fi í sí ìdí ọ̀pá ìdarí: kíkà àti kíkọ.

Ó rẹ̀ ẹ́. Ó máa ń pè mí lórí fóònù pé òun kò rí nǹkan kan kọ́ ju kí ọwọ́ òun máa rùn fún gíríìsì lọ. Ṣùgbọ́n bí oṣù ti ń lọ ni ó ń mọ ohun tí a kì í rí láti orí àga. Ẹni tó jókòó sínú ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ kì í rí gbogbo ohun tó wà ní apá ọ̀tún rẹ̀, nítorí apá ẹ̀rọ náà bo ojú rẹ̀. Bó bá yí ara ẹ̀rọ padà, ìdí rẹ̀ ń yí pẹ̀lú, ìdí yìí sì ti tẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́ ògiri. Nítorí náà ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa juwọ́ sí awakọ̀, kí ọwọ́ méjì má baà pàṣẹ méjì. Àmì pé kó dúró nìkan ni ẹnikẹ́ni lè fún un.

Ó kọ́ nípa wáyà iná pẹ̀lú. Bí apá ẹ̀rọ bá kan wáyà SBEE, kí awakọ̀ má ṣe sọ̀kalẹ̀. Kó jókòó síbẹ̀, kó kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn kí wọ́n jìnnà, títí wọn yóò fi pa iná náà. Ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì di irin mú, ara rẹ̀ ni iná yóò gbà kọjá. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ń jó, tí kò sí ọ̀nà mìíràn, kó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ fò jìnnà, kó má fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́, kó sì máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kan ń rò pé agbára ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, nítorí náà wọn kì í mẹ́nu kan ọmọbìnrin. Àṣìṣe ni. Ọ̀pá ìdarí ẹ̀rọ òde òní kò le ju ọ̀pá ìrokà lọ. Ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ló ń fẹ́, àti ojú tó ń wò. Iṣẹ́ rẹ̀ kò sì mọ lójú ọ̀nà nìkan: ó wà níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta símẹ́ńtì ní Onigbolo, ó wà nínú oko ìrèké Ṣábẹ̀ẹ́. Nígbà tí àwọn Faransé ń la ọ̀nà rélùwéè tó gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá lọ sí Parakou, ọkọ́ àti agbọ̀n ni àwọn baba wa fi kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀.

Ní ọdún kejì, wọ́n ń gbẹ́ yàrà tí wọn yóò ri páìpù omi sí. Yàrà náà jìn ju ìdúró ènìyàn lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dúró ṣánṣán, kò sí pákó tó gbé e ró, wọ́n sì kó yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jọ sí etí rẹ̀ gan-an. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ní kí ọmọ wa sọ̀kalẹ̀ lọ fi ṣọ́bìrì ro abẹ́ páìpù. Ó wo yàrà náà. Wọ́n ti kọ́ ọ pé yẹ̀pẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tó ga ní mítà kan, yóò wúwo tó kìlógíráàmù 1,500, bí ọkọ̀ kékeré kan. Ó ní òun kò ní sọ̀kalẹ̀ àfi bí wọ́n bá fi pákó sí i.

Wọ́n lé e ní ọjọ́ náà. Ọmọ mìíràn sọ̀kalẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ náà láàárín ìdajì wákàtí, ó gòkè, ó mu omi. Yàrà náà kò wó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ ní gbogbo àkókò yẹn, kò sọ nǹkan kan. Òun náà ní ọmọ tí ń bọ́.

Oṣù mẹ́rin ni ọmọ náà fi wà nílé ní Kétu. Ìyá rẹ̀ kò bá a wí. Èmi ni mo bi í léèrè bóyá kò lè kàn sọ̀kalẹ̀ kíá, kó sì gòkè padà. Ojú ń tì mí nígbà tí mo bá rántí ìbéèrè yẹn, nítorí èmi tí mo béèrè rẹ̀ kò tíì dúró létí yàrà rí.

Ní oṣù karùn-ún, ọ̀gá náà wá sí Kétu. Kò tọrọ àforíjì, kò sì mẹ́nu kan yàrà. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní òun ti rí iṣẹ́ sí ibòmíràn, òun sì ń wá graisseur òun. Ìyá ọmọ béèrè bóyá wọ́n ń fi pákó sí yàrà níbẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí òun lọ fi ojú ara òun rí i, ó sì lọ.

Nígbà tí wọ́n wá sílé fún ọdún, ọmọ náà fi ìwé kékeré rẹ̀ hàn mí. Gíríìsì ti ba etí rẹ̀ jẹ́. Ó ṣí ojú ewé kan fún mi, níbi tó ti kọ iye tó wà lójú aago ẹ̀rọ ní ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ dìde fún un lórí àga pé kó bu yẹ̀pẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù kan. Nígbà tó jókòó: 6,412. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀: 6,413. Ó fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀.