Èèwọ̀ Ara: Nígbà tí Oúnjẹ Bá Ń Bá Ọmọ Wa Jà

Bí ìlù gángan ni ọ̀rọ̀ ilé ayé rí: ohun tí ó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn bí mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí èèwọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe èèwọ̀ ọba tàbí ti òrìṣà ni mo ní lọ́kàn jù lọ, bí kò ṣe èèwọ̀ tí ó ń gbé inú ara ọmọ kékeré, ọmọ tí kò tíì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Ẹ má fún mi ní èyí mọ́."

Ilé tiwa ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ yé mi. Àbúrò mi obìnrin ní ọmọkùnrin kan tí ó ti ń rìn káàkiri ilé, tí kò sì tíì pé ọdún 2. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ògì rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè le. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ètè rẹ̀ pọ́n, ọrùn rẹ̀ sì lé ródóródó bí ẹni tí yèrèpè kàn lára. Ìyá rẹ̀ ní eyín ni ó ń hù. Aládùúgbò kan ní ooru ni. Ẹlòmíràn ní ìgbóná ni, kí a má pè é bẹ́ẹ̀ sókè. Ìyá wa àgbà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní àwọn ayé ni ó ń dán ọmọ òun wò.

Ní ìgbà kejì, ọmọ náà bì, ó sì ń fi ọwọ́ ti ṣíbí sẹ́yìn. Ní ìgbà kẹta, Ìyá wa gbé e sórí itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ há a lẹ́nu, ó sì rọ ọ́ ní ògì ẹlẹ́pà náà gẹ́gẹ́ bí ó ti rọ gbogbo àwa tí ó tọ́ dàgbà. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ojú ọmọ ti wú dí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ara rẹ̀ sì rọ jọ̀wọ̀rọ̀. A gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ní itan, èémí rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò. Lẹ́yìn tí wọ́n ti bi wá ní ìbéèrè títí, tí wọ́n sì ti yẹ ọmọ náà wò, dókítà ní ẹ̀pà ni.

Nígbà tí a padà délé, Ìyá wa kò gbà. Ó ní, "Ẹ̀pà tí gbogbo wa ń jẹ láti kékeré?" Mo gbìyànjú láti ṣe àlàyé ohun tí dókítà sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò wọlé. Níkẹyìn mo ní, "Màámi, èèwọ̀ ara rẹ̀ ni ẹ̀pà." Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Bí ó bá jẹ́ pé èèwọ̀ rẹ̀ ni, kí ló dé tí ẹ kò ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?" Láti ọjọ́ náà, ẹ̀pà kò wọ ilé wa mọ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n lọ kìlọ̀ fún gbogbo ará àdúgbò pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ohunkóhun sí ọmọ náà lẹ́nu.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó gba ọmọ yìí là ní ilé wa. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí a lo ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

OHUN TÍ ÀWỌN BABA WA MỌ̀

Bí a bá bí ọmọ láyé àtijọ́, àwọn òbí a máa tọ babaláwo lọ láti mọ àkọsẹ̀jayé rẹ̀. Lára ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni èèwọ̀ ọmọ náà. Yàtọ̀ sí èyí, èèwọ̀ ìdílé wà, èèwọ̀ òrìṣà sì wà. Ẹni tí ó bí ìbejì kì í jẹ ẹdun. Ọlọ́bàtálá kì í mu ẹmu. Kò sí ẹni tí yóò bu àdí fún Èṣù. Kò sí ẹni tí ó ń fi ẹni tí ó ní èèwọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, a kì í sì í fi ipá mú un jẹ ẹ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lọ sí òde ìnáwó, ó kàn yóò sọ pé, "N kì í jẹ ẹ́," ọ̀rọ̀ sì ti tán.

Ìmọ̀ tí ó wà nínú àṣà yìí jinlẹ̀. Ó kọ́ wa pé ohun tí ó dára fún ogún ènìyàn lè má dára fún ẹyọ kan, àti pé gbogbo ilé ni yóò bá ẹni kan ṣoṣo yẹn ṣọ́ èèwọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ara yàtọ̀ sí àwọn yòókù ní ọ̀nà méjì. Èkíní, kì í ṣe ti gbogbo ìdílé. Àkọ́bí lè ní i, kí àbúrò rẹ̀ má ní i. Èkejì, a kì í fi ìran mọ̀ ọ́n, ojú ni a fi ń ṣọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa pẹ̀lú. Àwọn èèwọ̀ kan wà tí ó ti ṣe ọmọ wa ní ibi. Àwọn àgbà a máa ní kí a má fún ọmọdé ní ẹyin àti ẹran púpọ̀ kí ó má baà di olè. Èyí kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ara ọmọ. Ní àwọn ọdún 1930, Cicely Williams, dókítà tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àìsàn kwashiorkor, èyí tí ó máa ń mú ọmọ tí a ti já lẹ́nu ọmú tí ó sì jẹ́ ẹ̀kọ nìkan ni ó ń jẹ. Ara rẹ̀ a wú, irun rẹ̀ a pọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi oúnjẹ kan ṣe èèwọ̀ fún ọmọ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí.

BÍ A ṢE LÈ DÁ A MỌ̀

Ní ọdún 1906 ni Clemens von Pirquet, dókítà ọmọ ilẹ̀ Austria, fún ohun tí mo ń pè ní èèwọ̀ ara ní orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é títí di òní, èyíinì ni allergy. Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ara ènìyàn ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń bá àrùn jà. Nínú ara ọmọ mìíràn, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí a máa ṣi oúnjẹ mú fún ọ̀tá. Bí ó ti wù kí oúnjẹ náà kéré tó, wọn yóò dìde ogun sí i, ogun náà ni ó sì ń pa ọmọ lára.

Àwọn oúnjẹ tí ó sábà máa ń fà á ni wàrà màlúù, ẹyin, ẹ̀pà, kajú, sóyà, àlìkámà, ẹja, àti edé pẹ̀lú akàn. Ohun tí ó le níbẹ̀ ni pé wọn a máa fara pamọ́. Ẹyin àti edé a máa wà nínú mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀pà a máa wà nínú ata tí wọ́n fi ń sun sùyà. Wàrà àti àlìkámà a máa wà nínú bísíkíìtì àti nínú oríṣi búrẹ́dì kan.

Àmì rẹ̀ a máa tètè hàn, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí 2 lẹ́yìn oúnjẹ. Ara ọmọ a lé, a sì máa yún un. Ètè tàbí ìpéǹpéjú rẹ̀ a wú. Ó lè bì, inú lè run ún. Bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ahọ́n rẹ̀ a wú, ohùn rẹ̀ a ha, àyà rẹ̀ a máa dún bí ó ti ń mí, tàbí kí ó dákú. Ohun tí ó yẹ kí ó ta wá lólobó ni pé oúnjẹ kan náà ni ó ń fà á ní gbogbo ìgbà. Eyín tí ń hù kì í mọ ọjọ́ tí a jẹ ẹ̀pà. Ooru kì í dúró de ẹyin kí ó tó mú ọmọ.

WÀRÀ ÀTI ỌMỌ YORÙBÁ

Ohun kan wà tí ó jọ èèwọ̀ ara tí kì í sì í ṣe òun. Èyí ni oúnjẹ tí inú ọmọ kò lè dà. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí wa rárá. Ní ọdún 1971, Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tí ó wá di mínísítà ètò ìlera ní 1985, àti Norman Kretchmer ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, gbé ìwádìí wọn jáde lórí àwọn ẹ̀yà ilẹ̀ wa àti súgà tí ó wà nínú wàrà. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ Fúlàní darandaran ni inú wọn lè da súgà yìí, ṣùgbọ́n àgbàlagbà Yorùbá tí inú rẹ̀ lè dà á kò wọ́pọ̀. Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ń da màlúù kò ní ara kan náà pẹ̀lú ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ń kọ ebè.

Nígbà tí a bí ọmọ wa, inú rẹ̀ lè da súgà náà, nítorí ó wà nínú omi ọmú pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan ààbọ̀ sí ọdún 3, agbára náà a bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Nítorí náà, bí ọmọ ọdún 2 bá mu ife wàrà ńlá, tí inú rẹ̀ wú, tí ó ń dún, tí ó sì yàgbẹ́ gbuuru, ó lè jẹ́ pé inú rẹ̀ ni kò dà á. Ara rẹ̀ kì í lé, ojú rẹ̀ kì í wú, kì í sì í pa á bí èèwọ̀ ara ti lè pani. Ó lè mu díẹ̀ kí ó má ṣe é ní nǹkan, wàrà tí a ti jẹ́ kí ó kan a sì máa bá ọ̀pọ̀ lára mu jù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí gba ọmú lẹ́nu ọmọ.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Èkíní, kí a dẹ́kun rírọ ọmọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó bá yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan ni oúnjẹ ń bá jà; òmíràn ti yó, òmíràn ń ṣe àkẹ́jù. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti jẹ oúnjẹ kan rí tí ara rẹ̀ sì lé, tí ó wá ń kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ni ó ń bá wa sọ.

Èkejì, kí a kọ ohun tí a rí sílẹ̀: oúnjẹ tí ó jẹ, àkókò tí ó jẹ ẹ́, ohun tí ó ṣe é, àti bí ó ti pẹ́ tó kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé kíkọ nípa ọmọ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, lábẹ́ ilé ìwòsàn Wesley Guild ti Iléṣà, ni Dókítà David Morley ti lo káàdì tí a fi ń ṣọ́ ìwọ̀n ọmọ láàrin àwọn ọdún 1950, káàdì tí ó ti ibẹ̀ tàn ká ayé. Ìyá tí kò kàwé lè sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nínú ilé kí ó bá a kọ ọ́.

Ẹ̀kẹta, kí a gbé ọmọ àti àkọsílẹ̀ náà lọ bá dókítà. Oúnjẹ tí a fura sí nìkan ni kí a dá dúró. Kí a má ṣe fi mẹ́wàá du ọmọ nítorí ẹyọ kan, kí a má sì tún un dán wò nínú ilé láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wàrà tàbí ẹyin ń bá jà ni ara wọn máa ń gbà á bí wọ́n ti ń dàgbà. Ti ẹ̀pà sábà máa ń pẹ́ lára. Kí a má sì tìtorí ọmọ kan fi ẹ̀pà du gbogbo ọmọ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì gbé jáde ní 2015, lórí ọmọ ọwọ́ 640 tí ara wọn ti fi àmì hàn pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí wọn, fi hàn pé àwọn tí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀pà kò ní èèwọ̀ rẹ̀ tó àwọn tí wọ́n fi dù.

Ẹ̀kẹrin, bí èémí ọmọ bá ń há, tàbí tí ó dákú, ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ adrenaline tí wọ́n ń gún sí itan ni oògùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé àṣà wa ni láti rọ ẹni tí ó jẹ májèlé ní epo pupa. Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ tí kò lè mí dáadáa kò gbọ́dọ̀ gbé epo tàbí àgbo mì. Ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe jókòó sílé kí a máa wá ẹni tí ó ṣe é. A kì í fi oníjà sílẹ̀ kí a máa gbájú mọ́ alápẹpẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí kí ẹ tó pín bísíkíìtì ọjọ́ ìbí fún ọmọ wọn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá àgbà tí ó wà nílé. Ẹ̀yin àgbà, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ náà kù sí, nítorí ẹ̀yin ni ẹ mọ bí a ti ń pa èèwọ̀ mọ́. Bí dókítà bá sọ fún yín pé ara ọmọ kan kò gba oúnjẹ kan, ẹ fi irú ọ̀wọ̀ tí ẹ ń fi wọ èèwọ̀ ìdílé wọ̀ ọ́.

Ọmọ tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ báyìí. Bí wọ́n bá na ẹ̀pà sí i, yóò ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, yóò sì wí pé, "Ẹ ṣeun, èèwọ̀ mi ni." Ìyá wa àgbà ni ó kọ́ ọ. Kí Elédùmarè bá wa dá àwọn ọmọ wa sí. Àṣẹ.