Alukoro Kì í Ṣe Aláriwo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Iléṣà, mo rò pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán lọ ra iyọ̀ nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Nísinsìnyí mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń fi ọdún mẹ́rin kọ́ ní yunifásítì ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ alukoro ni.

Gbogbo ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló ní alukoro, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ẹni tí ń lẹ ìwé mọ́ ògiri, tí ń pariwo ìpàdé kiri ni. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Alukoro ni alárinà láàrin ilé-iṣẹ́ kan àti àwọn ènìyàn tí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ náà kàn. Oníròyìn ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Olùpolówó ń fẹ́ kí a ra ọjà. Ìgbọ́ra-ẹni-yé ni alukoro ń wá. Ọ̀nà mẹ́rin ni iṣẹ́ náà pín sí. Yóò kọ́kọ́ wádìí ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ àti ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Lẹ́yìn náà yóò gbèrò, yóò sọ̀rọ̀, yóò sì padà lọ wò bóyá ọ̀rọ̀ náà yé wọn.

Ní ilẹ̀ wa, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìròyìn ní 1961, Yunifásítì Èkó sì tẹ̀ lé e ní 1966. Ẹgbẹ́ àwọn alukoro, NIPR, bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Òfin ọdún 1990 ló sọ ọ́ di ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Láàrin 2019 àti 2020, àjọ NUC pín ẹ̀kọ́ ìròyìn sí ọ̀nà méje, iṣẹ́ alukoro sì di ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró. Nítòsí wa níhìn-ín, Fountain University ní Òṣogbo àti Yunifásítì Joseph Ayo Babalola ní Ìkéjì-Arákéjì ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìròyìn.

Ẹ̀kọ́ náà lè jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti pẹ́. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn Ẹmẹsẹ̀ ni Ọwá Obòkun máa ń rán níṣẹ́. Ẹ tún wo àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà sí ẹni tí ó rán an sí, nítorí ẹ̀fà ni. Mẹ́jọ túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ, nítorí ẹ̀jọ ni. Bí ẹni tó gba àrokò kò bá gbọ́ Yorùbá, owó lásán ni ó gbà.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà tún kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Nígbà tí àwọn oníṣòwò aṣọ wọn ń tajà láwìn kiri, wọn a lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn. Àwọn ènìyàn sọ wọ́n ní Òṣómàáló. Wọn kò sá fún orúkọ náà. Wọ́n fi hàn pé ó dúró fún iṣẹ́ àṣekára, títí ó fi di oríkì tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń fi yangàn. Ariwo kọ́ ló ṣe é, ìwà ni.

Ohun tí ojú mi rí ní Òṣogbo nígbà ìsinmi ló jẹ́ kí n kọ èyí. Ọ́fíìsì kan fẹ́ tún gọ́tà ọjà tí àbúrò ìyá mi ti ń ta ata ṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìròyìn wà níbẹ̀ fún I.T. Ó kọ ìkéde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò kà á, wọ́n ní kí akọ̀wé kan túmọ̀ rẹ̀. Ohun tó kọ ni pé kí gbogbo oníṣọ̀ kó kúrò. Kò sọ pé wọn yóò padà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti kárí ọjà pé wọ́n ti ta ìsọ̀ fún àwọn olówó. Lọ́jọ́ kejì àwọn ìyá dí ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ padà sílé, ata àbúrò ìyá mi jẹrà nínú agbọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi wá bá mi pẹ̀lú ìtìjú. A jọ kọ ọ́ pé: ẹ ó sún fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹ ó sì padà sí ìsọ̀ yín. Ṣùgbọ́n a kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibì kankan. Ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà ni ọ̀gá wọn lọ kúnlẹ̀ sí, ó sì dáhùn ìbéèrè fún wákàtí méjì. Wọ́n tún gọ́tà náà ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, àwọn ìyá sì padà sí ìsọ̀ wọn. Bí wọn kò bá padà ni, ẹnu dídùn kò ní gbà wá: bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ alukoro wá jókòó ní kíláàsì Yorùbá, kí àwa náà sì lọ jókòó ní tiwọn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá tún bi yín pé kí ni ẹ fẹ́ fi Yorùbá ṣe, ẹ sọ ìtàn ọjà yìí fún wọn.