Ó Dàbọ̀: Ìdágbére fún Ọmọ Àlejò ní Òpin Sáà Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń ti ẹnu wa jáde lójoojúmọ́ tí a kì í dúró rò ó wò. Bí ọmọ bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, yóò ní, "Ó dàbọ̀." Bí ìyàwó ilé bá gbé igbá rẹ̀ tí ó kọrí sí ọjà Odò Orí ní Ìwó níhìn-ín, yóò ní, "Ó dàbọ̀." Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin: ó di àbọ̀, ó di ìgbà tí mo bá padà dé. Ọ̀rọ̀ náà kì í wúwo lẹ́nu ẹnikẹ́ni, nítorí kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ ti dé, ìyá rẹ̀ sì ti sọ igbá kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù Èbìbí, ọ̀rọ̀ kékeré yìí dá ìdààmú sílẹ̀ nínú ilé tèmi, mo sì rò pé ó yẹ kí n mú un wá sí ojú ewé ìdílé yìí, nítorí àwọn tí wọ́n ti gba àlejò akẹ́kọ̀ọ́ rí yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Ọmọbìnrin kan láti Amẹ́ríkà ni àlejò náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ náà ti ń wá kọ́ èdè Yorùbá lọ́dọ̀ wa. Ilé-Ifẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ ń lọ, láti nǹkan bí ọdún 2010 sì ni Yunifásítì Ìbàdàn náà ti gba ọ̀wọ́ lẹ́yìn ọ̀wọ́. Ìwó kò jìnnà sí Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìwó Róòdù ní òwúrọ̀ yóò jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rẹ́ wa kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ni ó bẹ̀ wá pé kí ọmọ náà máa wá lò òpin ọ̀sẹ̀ nínú ilé wa, kí ó lè gbọ́ Yorùbá ti ìdí ààrò, kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí ó sì ń padà ní ọjọ́ Ìsinmi, fún odidi sáà kan.

Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ dé, ó na ọwọ́ sí ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ní, "Báwo ni?" Àwọn ọmọ ilé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Màmá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ó jókòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lójú ẹsẹ̀: bí a ti ń kí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́, bí a ti ń kí ẹni tí ó ń tajà, bí a ti ń kí ẹni tí ó kàn jókòó jẹ́ẹ́ tí kò ṣe nǹkan kan. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ya ọmọ náà lẹ́nu jù. Ó ní ní ìlú tàwọn, ẹni tí ó jókòó kò ní ìkíni kan fún ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò tún kọjá lára Màmá Àgbà ní gbàgede láì kúnlẹ̀ kí ó ní, "Ẹ kú ìjókòó." Kí oṣù méjì tó pé, ó ti ń ná ọjà. Àwọn aládùúgbò ní kì í ṣe ohun ìyanu. Ṣebí ilé odídẹ ni à ń pe Ìwó, ta ni yóò dé ilé odídẹ tí kò ní fọhùn?

Màmá Àgbà kọ́ ọ ní bí a ti ń ro àmàlà tí kì í ní kókó. Wọ́n fún un ní orúkọ Yorùbá kan pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èmi kì yóò kọ ọ́ síhìn-ín, nítorí orúkọ ilé ni.

Nígbà tí ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ó lọ, Màmá Àgbà dákẹ́. Bí ọmọ náà bá wọlé, wọn a ní orí ń fọ́ àwọn, wọn a sì kọjú sí ògiri. Ó rò pé òun ti ṣẹ̀ wọ́n. Èmi mọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n, ó sì di dandan kí n sọ fún un.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, a gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní irú ọ̀nà báyìí. Ọmọ rere ni. Ó mọ ìdọ̀bálẹ̀ ju àwọn ọmọ tiwa lọ. Ní ọjọ́ tí ó ń lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ó dàbọ̀, Màmá. Ó di ọdún tí ń bọ̀." Màmá Àgbà gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ bí ó ti rí. Nígbà tí ọdún yí po, wọ́n gún èlùbọ́ tuntun, wọ́n rọ ọ́ sínú agolo kan, wọ́n sì gbé e sórí pẹpẹ nínú ilé ìdáná: tirẹ̀ ni. Nígbà tí kòkòrò wọ inú rẹ̀, wọ́n dà á nù, wọ́n tún rọ òmíràn. Ọdún mẹ́ta ni agolo náà fi wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ́kọ́ ń ránṣẹ́, lẹ́yìn náà ìránṣẹ́ rẹ̀ dín, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Èmi kò dá a lẹ́bi púpọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kò mọ iye tí ọdún kan jẹ́ lójú arúgbó, owó ọkọ̀ òfurufú kì í sì í ṣe owó àkàrà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí Màmá Àgbà sọ ní ọjọ́ tí wọ́n gbé agolo náà kúrò. Wọ́n ní, "Ẹni tí ó ní ó dàbọ̀ tí kò bọ̀, bóyá òun ni ó kú ni, bóyá èmi ni ó sọ di òkú, n kò mọ̀."

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ìdágbére wa gbogbo, ọjọ́ ìpàdé ni ó ń dá. À ń wí pé ó dàárọ̀, à ń wí pé ó dọ̀la, à ń wí pé ó dìgbà. Òkú nìkan ni à ń sọ fún pé ó di gbére, ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá. Nítorí náà ẹni tí ó mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé òun kò ní padà, ọ̀rọ̀ wo ni yóò sọ? Ohun tí ọmọ náà bi mí nìyẹn nígbà tí mo sọ ìtàn agolo fún un tán. Ó ní, "Àǹtí, bí n kò bá mọ̀ bóyá n óò padà wá, ṣé kí n parọ́ fún Màmá Àgbà ni?" Mo dá a lóhùn pé àṣà lásán ni, pé kí ó sọ ọ́ bí gbogbo ènìyàn ti ń sọ ọ́. Ìdáhùn náà kò dára. Ó wò mí, kò sì wí nǹkan kan.

Ẹ má ṣe rò pé ti ayé òde òní nìkan ni irú èyí. Samuel Ajayi Crowther, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ bí bíṣọ́ọ̀bù, ti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1826 nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Ó kẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù díẹ̀ ní Islington ní London, ó sì padà sí Sàró ní 1827. Ṣùgbọ́n ti Ìwó ni ó kàn wá jù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wá sí ìlú wa yóò rí Yunifásítì Bowen lórí òkè, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti Ìjọ Onítẹ̀bọmi wà tẹ́lẹ̀ rí. Thomas Jefferson Bowen, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ẹ̀kọ́ náà, ará Georgia ní Amẹ́ríkà ni. Ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Ògọsì ọdún 1850. Kí ó tó lè ṣe ohunkóhun, akẹ́kọ̀ọ́ ni òun náà: ó jókòó ti àwọn ará Abẹ́òkúta, ó ń bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó lọ sí ilé ní 1853, ó gbéyàwó, ó sì padà wá. Ó gbé ní Ìjàyè, ó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1856 àìlera lé e padà sí Amẹ́ríkà, kò sì fi ojú kan ilẹ̀ Yorùbá mọ́ títí ó fi kú ní 1875. Ṣùgbọ́n ní 1858 a tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó ṣe jáde ní Washington. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé náà yóò rí i pé ọkàn ọkùnrin náà kò tí ì kúrò lọ́dọ̀ wa ní ọdún méjì lẹ́yìn tí ọkọ̀ gbé e lọ. Ní ọdún 2001 ni ìjọba fọwọ́ sí yunifásítì náà, ọdún 145 lẹ́yìn tí ó lọ. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn bí mo bá ń kọjá ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, pé orúkọ rẹ̀ ni ó bọ̀.

Èyí kò tu Màmá Àgbà nínú nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ní, "Ìwé kì í jẹ àmàlà."

Kí n tó máa bá ìtàn lọ, ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ìyá ilé nípa ẹrù. Ìfẹ́ a máa mú wa di ohun gbogbo fún àlejò, ṣùgbọ́n iye ni ọkọ̀ òfurufú ń gbà. Kílógíráàmù mẹ́tàlélógún ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà fún àpótí kan, ẹni tí ó bá sì kọjá bẹ́ẹ̀ yóò sanwó tàbí kí ó tú ẹrù rẹ̀ ká lójú gbogbo ayé. Ẹ má ṣe di ẹran gbígbẹ fún ẹni tí ó ń lọ sí Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe di èso tútù, nítorí àwọn aṣọ́bodè yóò gbà á, bí ọmọ náà kò bá sì jẹ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé e. Gààrí àti èlùbọ́ tí a dì dáradára kì í sábà ní wàhálà, kí ó ṣáà sọ fún wọn pé ó wà níbẹ̀. Èmi ti di ẹja gbígbẹ kan rí tí ó run gbogbo aṣọ inú àpótí. Ẹ fi ti èmi kọ́gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ti sísìn. Àwọn baba wa kì í jókòó sórí àga kí wọ́n jọ̀wọ́ àlejò sí ọ̀nà. Wọn a dìde, wọn a sìn ín, wọn a gba ẹrù ọwọ́ rẹ̀, wọn a máa bá a sọ̀rọ̀ lọ títí dé odò tàbí oríta, níbẹ̀ ni wọn yóò sì ti padà. Bí ọ̀nà tí a sìn ọ́ bá ti gùn tó ni iyì rẹ ti pọ̀ tó. Ní ìgbà ọkọ̀ ojú omi, odidi ẹbí a máa bá akẹ́kọ̀ọ́ dé èbúté Apapa. Nísinsin yìí, ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà ni a ń padà sí. Aláṣọ òṣìṣẹ́ kan yóò ní, "Ẹni tí ó ń rìnrìn-àjò nìkan," ó parí. Nítorí náà mo rò pé ilé ni ó yẹ kí a ti ṣe ìdágbére tán, kí a má ṣe dá a dúró de ojú ọ̀nà, níbi tí ọkọ̀ ń fọn fèrè tí gbogbo ènìyàn sì ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó ń lọ, ọkọ mi ti gbé àpótí sínú ọkọ̀. Màmá Àgbà kò jáde. Ọmọ náà bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọ yàrá wọn lọ, mo sì dúró ní ẹnu ọ̀nà, kí n má parọ́, mo ń gbọ́ wọn. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Màmá Àgbà, n kò mọ̀ bóyá n óò padà wá. Ilé ẹ̀kọ́ mi ku ọdún méjì, n kò sì ní owó. N kò fẹ́ parọ́ fún yín." Wọn kò dáhùn. Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n mo ní fóònù. Lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi, kí ó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ yín, n óò máa pè yín. Èyí ni mo lè ṣe. Nítorí náà, Màmá Àgbà, ó di ọjọ́ Ìsinmi."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn Màmá Àgbà. Wọ́n ní, "Ta ni ó kọ́ ọ ní ìyẹn?"

Ó ní, "Kò sí, mà. Èmi ni mo rò ó."

Mo gbọ́ tí ibùsùn dún. Wọ́n dìde, wọ́n béèrè ọ̀pá wọn, wọ́n sì sin ọmọ náà. Wọn kò dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé bí a ti rò. Wọ́n rìn kọjá ilé aládùúgbò, wọ́n rìn dé ibi tí ọ̀nà wa gbé pàdé títì ọlọ́dà, ọkọ̀ ń rọra tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ṣàdúrà àlọ re àti àbọ̀ re, gígùn rẹ̀ tó èyí tí ọkọ mi fi ń wo aago. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ó di ọjọ́ Ìsinmi."

Ó ti pè ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta léraléra. Ní ọjọ́ kẹrin, aago mẹ́rin kọjá, Màmá Àgbà wà ní gbàgede, fóònù wà lórí itan wọn. Aago márùn-ún lù. Mo gbé oúnjẹ wá, wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àlàyé pé ó lè jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pé ó lè jẹ́ pé ìsìn wọn ni ó pẹ́, wọ́n sì gbé ọwọ́ sókè kí n dákẹ́. Ó kù díẹ̀ kí ó di aago mẹ́fà nígbà tí fóònù náà dún. Màmá Àgbà tẹ̀ ẹ́, wọn kò sọ nǹkan kan, wọ́n ń fetí sí i. Láti inú rẹ̀ ni ohùn náà ti jáde, ó ń mí hẹlẹ bí ẹni tí ó sáré wọlé:

"Màmá Àgbà, ẹ kú ìjókòó."