Omi Benue Ń Fà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ní Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Omi Benue tó kún dé etí bèbè ní September àti October ti ń fà sẹ́yìn. Bí March bá fi máa dé, ẹni tó bá dúró nídìí afárá rélùwéè tí wọ́n ṣí ní 1932 ní Makurdi níbí yóò rí òkìtì yanrìn níbi tí omi ti ń ru lánàá. Àkókò yìí gan-an ni ìgbéyàwó àti ìsìnkú máa ń pọ̀ láàárín wa, tí a ó kó ara wa, aṣọ ẹbí, ìkòkò àti àga sínú ọkọ̀ lọ sí abúlé etí odò tí mọ́tò kì í dé.

Kì í ṣe òní ni odò yìí ti ń kọ́ ọlọ́kọ̀ lọ́gbọ́n. Ní 1854, Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà nínú ọkọ̀ Pleiad tí Dókítà Baikie fi gòkè Benue. Wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n yàn: July ni wọ́n wọ Odò Ọya, ìbẹ̀rẹ̀ November ni wọ́n sì ti padà sí òkun, kí omi tó gbẹ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀, ní October 1857, ọkọ̀ Dayspring tí Baikie kan náà gbé wá fọ́ mọ́ àpáta ní Jẹ́bà.

Ọkọ̀ ayé òde òní kéré sí tiwọn, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tó rì ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ, èyíinì ni ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí nínú omi. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì kúkúrú gùn tó íǹṣì 15, ti gígùn tó íǹṣì 20. Bí a bá gbé ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kọ́ ìdí ọkọ̀ tó yẹ kúkúrú, íǹṣì 5 ni a fi kún ohun tí yóò máa wa yanrìn. Ẹ wo irin pẹlẹbẹ tó wà lókè abẹ̀bẹ̀ náà: ó yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba.

Àwọn ọlọ́kọ̀ kan máa ń kan pákó mọ́ ìdí ọkọ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè ga sí i. Ọgbọ́n tó dára ni, bí a bá ṣe é díẹ̀díẹ̀, íǹṣì kan lẹ́ẹ̀kan, tí a sì dán an wò létí bèbè láìkó èrò. Bí ó bá ga jù, abẹ̀bẹ̀ yóò máa fa afẹ́fẹ́: ẹ́ńjìnnì yóò máa ké, ọkọ̀ kò ní lọ. Èyí tó tún burú ni pé ojú tí ẹ́ńjìnnì fi ń mu omi tí ń tù ú yóò bọ́ síta, yóò sì gbóná títí yóò fi jó. Ẹ máa wo omi tín-ín-rín tó ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí ìtọ̀ ọmọkùnrin. Bí ó bá dá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀.

Àwọn òyìnbó tó ń dúró lórí pátákó tukọ̀ ṣeré lórí odò wọn mọ irú ìṣòro yìí. Ìrù abẹ́ pátákó wọn máa ń tó íǹṣì 9. Ní odò tí kò jìn wọ́n á fi èyí tó tó íǹṣì 4 rọ́pò rẹ̀, pátákó kò sì ní fẹ́ lọ tààrà mọ́. Kò sí ohun tí a gé kúrú lábẹ́ omi tí kò ní gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni.

Ọ̀rọ̀ ìṣó kékeré tún wà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré, ìṣó rírọ̀ kan ló de abẹ̀bẹ̀ mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ kí ó lè dá nígbà tí abẹ̀bẹ̀ bá gbá òkúta, kí eyín inú ẹ́ńjìnnì má bàa fọ́. Ẹni tó bá fi ìṣó líle tí wọ́n fi ń kan ilé rọ́pò rẹ̀ ti fi owó ńlá gba owó kékeré. Kí ọlọ́kọ̀ kó ojúlówó rẹ̀ mẹ́ta dání, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn àti àjẹ̀, nítorí bí ìṣó bá dá láàárín odò, ìṣàn omi kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò, nítorí ìṣirò ẹrù ni iṣẹ́ àwa ará rélùwéè. Ká ní ọkọ̀ kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 30, ó fẹ̀ ní 4, ó sì rí bí àpótí. Kílò bíi 280 ni yóò fi rì ní íǹṣì kan. Àgbàlagbà mẹ́rin nìyẹn. Ọkọ̀ gidi tín-ín-rín lórí àti nídìí, nítorí náà yóò rì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó kan pákó íǹṣì méjì mọ́ ìdí ọkọ̀, tó wá kó ènìyàn mẹ́jọ lé iye tó máa ń kó, kò jèrè nǹkan kan. Ẹni tó sọ èrò mẹ́jọ kalẹ̀ ti rí íǹṣì méjì rẹ̀ láìfọwọ́ kan òòlù. Bí ó bá tún ní kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn sún síwájú díẹ̀, tó sì rọra wakọ̀, ìdí ọkọ̀ kò ní rì tó bẹ́ẹ̀.

Ní June 2023, ọkọ̀ tó ń kó èrò ìgbéyàwó bọ̀ lóru fọ́ lórí Odò Ọya nítòsí Pàtígì. Ó ju 100 ènìyàn tó kú. Wọ́n ní èrò pọ̀ jù, ó sì kọlu igi lábẹ́ omi. Nítorí náà, bí ẹbí bá ń lọ sí òde, kí wọ́n fi owó ọkọ̀ kejì sínú ètò bí wọ́n ti ń fi owó ìlù sí i, kí wọ́n sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó kò ba aṣọ ẹbí jẹ́.

Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ lórí yanrìn, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kí wọ́n fi ọ̀pá tì í padà sí ibi tó ti wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fò sínú omi nítorí pé ó rí yanrìn, torí etí òkìtì náà lè já sí ibú lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọkùnrin kan fi ọ̀pá wọn omi yíká kó tó sọ̀kalẹ̀. Ìyá tó pọn ọmọ kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ rárá; kí ó jókòó títí ọkọ̀ yóò fi tún léfòó.