Romuald Hazoumè: ọmọ Àjàṣẹ́ tó sọ bídọ̀n kpayo di iṣẹ́ ọnà

Ta ni kò mọ bídọ̀n kpayo nílẹ̀ wa? Òun ni wọ́n fi ń kó epo mọ́tò láti Nàìjíríà wọ Benin lórí alùpùpù. Wọ́n máa ń fi iná yá a kí ikùn rẹ̀ lè wú, kí epo tó máa gbà lè pọ̀ sí i. Tó bá ti bẹ́, wọ́n á jù ú nù. Ohun tí wọ́n jù nù yìí gan-an ni Romuald Hazoumè ṣà, tó fi di ẹni tí ayé mọ̀.

Ọdún 1962 ni wọ́n bí i ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ọmọ Yorùbá ni. Ilé Kátólíìkì ni wọ́n ti tọ́ ọ, àmọ́ kò kọ àṣà àwọn baba ńlá rẹ̀ sílẹ̀. Láàárín ọdún 1980 sí 1990 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi bídọ̀n ṣe agọ̀ ojú. Ẹ wò ó: ibi tí wọ́n ń da epo sí a di ẹnu, ibi tí wọ́n fi ń gbé e a di imú. Bó ṣe di ojú èèyàn nìyẹn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ bídọ̀n? Nígbà kan rí, àwọn Òyìnbó kó ère àti agọ̀ wa lọ sílé wọn. Hazoumè ní pàǹtí tí wọ́n kó wá bá wa lòun náà ń dá padà fún wọn.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó lókìkí jù ni La Bouche du Roi, tó ṣe láàárín 1997 sí 2005. Ibi tí odò Mono ti wọ òkun ló ń jẹ́ orúkọ yẹn; ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ẹrú sọ́kọ̀. Bídọ̀n 304 ló tò bí àwọn ẹrú ṣe sùn nínú àwòrán ọkọ̀ Brookes, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1789. Kò dá Òyìnbó nìkan lẹ́bi o: agọ̀ méjì ló ṣe olórí ọkọ̀ náà, ọ̀kan fún Òyìnbó, ìkejì fún ọba aláwọ̀ dúdú. Lọ́dún 2007, nígbà tó pé igba ọdún tí òfin Gẹ̀ẹ́sì ti fòpin sí òwò ẹrú, wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì rà á.

Ọdún yẹn kan náà ló gba ẹ̀bùn Arnold Bode ní Kassel, ní Jámánì. Ọkọ̀ ojú omi tó fi bídọ̀n kàn ló pàtẹ níbẹ̀, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba orí òkun lọ sí Yúróòpù. Ní 2024, tí Benin kọ́kọ́ ní ààyè tirẹ̀ níbi ìpàtẹ Venice ní Ítálì, ó wà lára àwọn mẹ́rin tó ṣojú wa, pẹ̀lú Chloé Quenum, Ishola Akpo àti Moufouli Bello.

Ohun tí bídọ̀n yìí ń sọ yé àwa ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n ń fẹ̀ ẹ́ títí yóò fi bẹ́, bí wọ́n ṣe lo ẹrú nìyẹn. Ẹni tó gbé e sẹ́yìn alùpùpù lónìí, tí iná lè jó nígbàkígbà, ṣé ó ti bọ́ lóko ẹrú? Ìbéèrè tí Hazoumè gbé síwájú wa nìyẹn.