Bí Wọ́n Ṣe Ń Wá Òkúta Tó Já Láti Ọ̀run

Ìmọ́lẹ̀ tó máa ń sáré kọjá lójú ọ̀run lálẹ́, tá a máa ń sọ pé ìràwọ̀ já, kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Òkúta ni, tó fi eré burúkú wọnú afẹ́fẹ́ ayé. Púpọ̀ wọn ò ju wóró iyanrìn lọ, òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń jóná tán. Èyí tó bá délẹ̀ ló ń jẹ́ mẹ́tíóráìtì. Òkúta ọ̀run ni a óò máa pè é níbí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wá a? Ẹ jẹ́ ká gba Sùdáánì lọ. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2008, wọ́n fi awò awọ̀nàjíjìn rí òkúta kan láti Arizona, l'Amẹ́ríkà. Ó fẹ̀ tó mítà 4, ayé ló sì forí lé. Àwọn onímọ̀ ṣírò ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ní aṣálẹ̀ Nubia ní Sùdáánì ló máa já sí lọ́jọ́ kejì. Ẹnikẹ́ni ò tíì rí irú rẹ̀ kó tó dé rí. Bí wọ́n ṣe wí náà ló rí: ó fọ́ yángáyángá ní nǹkan bíi kìlómítà 37 sókè.

Ibi tó le nìyí o. Ibi tí iná rẹ̀ ti kú kọ́ ló ń balẹ̀ sí. Afẹ́fẹ́ ti dín eré rẹ̀ kù, kò tanná mọ́, kámẹ́rà ò rí i mọ́. Ó wá ń já bọ̀ nínú òkùnkùn, atẹ́gùn sì ń tì í. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ̀wà: ẹ̀wà á bọ́ síbi kan, ìyàngbò á bá atẹ́gùn lọ. Èyí tó wúwo máa ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ jìnnà, àwọn wẹ́wẹ́ á ṣẹ́kù sẹ́yìn tàbí kí atẹ́gùn gbé wọn yà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè bí atẹ́gùn ṣe fẹ́ lókè lọ́jọ́ náà kí wọ́n tó fa ìlà sórí máàpù.

Lẹ́yìn ìṣirò, ó ku ẹsẹ̀. Lóṣù Kejìlá, Muawia Shaddad ti Yunifásítì Khartoum àti Peter Jenniskens láti Amẹ́ríkà kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ aṣálẹ̀ náà. Wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń rìn, wọ́n ń wolẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ti rí ọ̀kan. Nígbà tó yá, èyí tí wọ́n ṣà jọ tó 600, àmọ́ gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ò ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 10 lọ. Orúkọ ibùdókọ̀ rélùwéè kan nínú aṣálẹ̀ náà ni wọ́n sọ ọ́: Almahata Sitta, Ibùdókọ̀ Kẹfà. Òkúta dúdú kì í pẹ́ hàn lórí iyanrìn. Ká ní igbó Oǹdó ló já sí lásìkò òjò, ta ni yóò rí i?

Bí ẹ bá rí ohun tó jọ òkúta ọ̀run, ẹ wò ó bóyá ó ní èèpo dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí iná sun, tó sì wúwo ju òkúta tí wọ́n jọ tóbi bákan náà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà. Ẹ má fọwọ́ lásán gbá a mú, torí òróró ara wa máa ń bà á jẹ́. Ẹ má sì gbé òòfà sún mọ́ ọn, bí àwọn kan tiẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti dán an wò: òòfà yín á pa agbára òòfà àtijọ́ tó gbé wá rẹ́.

Nígbà mìíràn ṣá, òkúta ló ń wá èèyàn wá. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1962, àgbẹ̀ kan wà lóko ní Zagami, nílẹ̀ Katsina, tí òkúta tó wúwo tó kìlógíráàmù 18 fi balẹ̀ gbì nítòsí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n yẹ afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ wò, ó bá afẹ́fẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì mu. Nígbà tí Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ Mars Global Surveyor lọ sí Máàsì lọ́dún 1996, wọ́n fi èérún òkúta Zagami yìí sínú rẹ̀.